Kí wọ́n tó gé àwọn ìyá igi àgbálùmọ̀ wa tán ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi tó àwọn ènìyàn wa létí. Àwọn igi eléso tí àwọn baba ńlá wa dá sí lẹ́yìnkùlé àti láàárín oko ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àgbálùmọ̀ ní pàtàkì, ti tó ohun tí a lè máa gbìn ní oko fún títà, bí a ti ń gbin kòkó àti obì. Ṣùgbọ́n irú oko bẹ́ẹ̀ kò lè dúró bí a kò bá kọ́kọ́ wá àwọn ìyá igi tí èso wọn dára jù lọ rí, kí a sì gba irú lára wọn kí wọ́n tó gé wọn tán.

Mo ní kí wọ́n tó gé wọn tán, nítorí pé gígé náà ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ń gba títì márosẹ̀ láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde láti ìgbà pípẹ́ yóò jẹ́rìí sí i pé ilẹ̀ tí a mọ̀ sí oko obì ti di ilé epo, ilé ìkẹ́rùsí, ilé ìjọsìn àti ilẹ̀ tí wọ́n ti gé sí pulọ́ọ̀tì. N kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ta ilẹ̀ rẹ̀, nítorí àìní ń bẹ, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ sì ń bẹ. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn igi tó ń bá ilẹ̀ náà lọ láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Ní àdúgbò wa, igi àgbálùmọ̀ kan wà tí gbogbo àwọn obìnrin tí ń ta èso mọ̀. Wọ́n máa ń wá bá onílé san owó èso orí rẹ̀ kó tó di pé ó pọ́n rárá, nítorí pé èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹran inú rẹ̀ nípọn, oje rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ètè púpọ̀, adùn rẹ̀ sì máa ń borí kíkan láti ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò títí dé òpin. Ó ti gba orúkọ lọ́jà: bí obìnrin kan bá ti lè sọ pé ti agbo-ilé yẹn lòun gbé wá, àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í tọ́ ọ wò kí wọ́n tó rà á. Àwọn aboyún a máa ránṣẹ́ sí i. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n gé igi yìí láti fi àyè rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí mo fi máa gbọ́, tí mo sì débẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́ lé e lórí. Ewé tí abẹ́ wọn máa ń funfun nínú oòrùn ti rọ, àwọn ọmọdé sì ń wọ́ àwọn ẹ̀ka lọ fún ìdáná. Bí ẹnì kan bá ti débẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ẹ̀ka igi kan ṣoṣo yẹn ì bá tó gba ọmọ igi tí yóò kún oko. Ní báyìí, kò sí ẹni tó lè rí adùn yẹn gbà padà mọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí kóró kò fi lè gba ipò ẹ̀ka, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kóró tí a bá ti tu sílẹ̀ lẹ́nu náà ti tó. Bí a bá gbin kóró àgbálùmọ̀ dídùn, igi tó máa hù kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ó ti gba ìwà díẹ̀ lọ́dọ̀ igi mìíràn tí kòkòrò bá a gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ wá. Ó lè dùn, ó sì lè kan débi pé ẹyẹ nìkan ni yóò máa jẹ ẹ́. Ẹni tó gbìn ín kò ní mọ èyí tó jẹ́ títí di ìgbà tó bá so, àgbálùmọ̀ tó hù láti inú kóró sì sábà máa ń gba ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Ta ni yóò yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kó fi ọdún 7 roko ìdí igi, láìmọ̀ bóyá èso tí ọjà ń fẹ́ ni òun ń tọ́jú? Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí a bá mú lára ìyá igi tó ti ń so ni ìyá náà fúnra rẹ̀: èso kan náà, adùn kan náà. Bí ìtọ́jú bá wà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí so láàárín ọdún 3 sí 5, kò sì ní ga tó èyí tó hù láti inú kóró. Igi tí kò ga jù yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí àgbálùmọ̀ tó já bọ́ láti òkè ti fara gbọgbẹ́ kó tó dé inú apẹ̀rẹ̀, a kì í sì í lè gbé e rìn jìnnà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà.

Iṣẹ́ náà kò le, ó kàn ń fẹ́ sùúrù. A ó yan ẹ̀ka tó nípọn tó àtàǹpàkò, tó dàgbà díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbó. A ó fi ọ̀bẹ mímọ́ bó èèpo rẹ̀ yíká ní ìwọ̀n ìka méjì, a ó sì ha ojú ibẹ̀ dáadáa kí ara tó ń yọ̀ lábẹ́ èèpo lọ tán, nítorí bí ìyẹn bá ṣẹ́kù, ojú ọgbẹ́ náà yóò san padà, kò sì ní ta gbòǹgbò. A ó wá fi èérún pákó láti ilé ìlapákó, tí a ti rin lómi tí a sì fún, dì í yíká, a ó fi ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀ wé e, a ó sì so ó pinpin lókè àti nísàlẹ̀ kí omi má bàa gbẹ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a ó máa rí gbòǹgbò funfun láti ẹ̀yìn ọ̀rá. Ìgbà yẹn ni a ó gé ẹ̀ka náà kúrò lára ìyá rẹ̀, tí a ó gbìn ín sínú ọ̀rá tí a kún fún ilẹ̀ dúdú, tí a ó sì gbé e sábẹ́ ibòòji títí yóò fi lè dá dúró. Àwọn mìíràn fẹ́ràn kí wọ́n lọ́ ẹ̀ka ìyá igi mọ́ ọmọ igi tó hù láti inú kóró, èmi náà sì gbà pé ìyẹn dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fún oko ńlá, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ sísàlẹ̀ tààrà, ìjì kì í sì í tètè dá a wó. Àmọ́ ó ń fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa èso àti ewébẹ̀ tí à ń pè ní NIHORT ti wà ní Ìbàdàn láti 1975, ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní FUNAAB sì wà ní Abẹ́òkúta nítòsí wa. Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n. Ìyá igi tí a mọ̀, tí a sàmì sí, tí onílé sì gbà kí a máa mú ẹ̀ka lára rẹ̀ ló wọ́n.

Àwọn kan á sọ pé àgbálùmọ̀ kì í ṣe irúgbìn owó, pé igi tí Ọlọ́run gbìn ni. Mo fẹ́ kí irú wọn rántí obì gbànja. Obì àbàtà ni ti ilẹ̀ wa. Gbànja tí Ṣàgámù fi gbajúmọ̀ dé òkè ọya kì í ṣe irúgbìn àtayébáyé lọ́dọ̀ wa rárá. Láti ilẹ̀ tí ń jẹ́ Gánà lónìí àti láti Sàró ni wọ́n ti ń kó o wá tà, kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ín ní ìhà Agége àti ní Rẹ́mọ nígbà tí ọ̀rúndún 19 ń parí lọ àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Àwọn baba wa rí i pé ọjà wà, wọ́n rí i pé ilẹ̀ wa gbà á, wọ́n gbìn ín, wọ́n sì ní sùúrù dè é. Ṣàgámù di ojúkò gbànja tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, Sábó kún fún àwọn oníṣòwò Haúsá, owó obì sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ níwèé. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dúró kí ìjọba kọ́kọ́ pè é ní irúgbìn owó.

Ẹ tún wo iṣin. Igi iṣin pọ̀ ní àgbàlá wa, fún ibòòji ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń dá a sí, àwọn ọmọdé ló sì ń ṣa èso rẹ̀ jẹ nígbà tó bá là. Ní ọ̀rúndún 18, nígbà òwò ẹrú, igi yìí dé Jàmáíkà láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ń pè é ní ackee níbẹ̀, òun ni èso tí orílẹ̀-èdè náà yàn gẹ́gẹ́ bí èso tirẹ̀, wọ́n ń sè é pọ̀ mọ́ ẹja oníyọ̀, wọ́n sì ń dì í sínú agolo ránṣẹ́ sí òkè òkun. Kò rọrùn fún wọn kí wọ́n tó débẹ̀. Iṣin tí kò tíì là fúnra rẹ̀ lórí igi ní májèlé nínú, tó máa ń fa èébì, tó sì máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi pé ó lè pa ènìyàn, nítorí náà Amẹ́ríkà kò jẹ́ kó wọlé sọ́dọ̀ wọn láti 1973 títí di 2000, ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Jàmáíkà fi hàn pé àwọn lè ṣọ́ èso náà láti orí igi títí dé inú agolo. Ọdún 27 ni wọ́n fi dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò sì gé igi wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbin iṣin fún títà lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ lè kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé èyí tó là fúnra rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n ká, kí wọ́n yọ fọ́nrán pupa inú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì da kóró dúdú rẹ̀ nù. Ẹni tí kò bá lè dúró ti ìlànà yìí kí ó jìnnà sí i.

Ìyeyè tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi, àwọn ará Bùràsíìlì ń fún omi rẹ̀ mu, wọ́n ń fi ṣe áísìkíriìmù, wọ́n sì ń ta ẹran rẹ̀ ní dídì. Òun ló rọrùn jù láti gbìn nínú gbogbo wọn, nítorí a lè gé ẹ̀ka rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ bí òpó ọgbà, kó sì hù.

Àgbáyun ní tirẹ̀ kò ní kún apẹ̀rẹ̀ láé, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni owó tirẹ̀ ń gbà wá. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, tó sì mu ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, dídùn ni yóò máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yọ èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀, wọ́n sì pè é ní miraculin. Ní 2021, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i pé kí a lè máa lo àgbáyun gbígbẹ nínú àwọn àfikún oúnjẹ. Igi kékeré ni, ó ń lọ́ra dàgbà, kóró rẹ̀ kì í sì í hù mọ́ bí a bá jẹ́ kó gbẹ, nítorí náà kí a má ṣe tọ́jú kóró rẹ̀ pamọ́ ká tó gbìn ín. Lójú tèmi, ó yẹ obìnrin tó ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé ju ẹni tó ní oko gbalaja lọ. Ní ti sáwásọ́ọ̀pù tí àwọn ará Èkó ń béèrè lemọ́lemọ́, mo bẹ àwọn tí ń ta ewé rẹ̀ pé ó ń wo àìsàn jẹjẹrẹ kí wọ́n jáwọ́. Kò tíì sí ẹ̀rí fún un lára ènìyàn, aláìsàn tó bá sì torí rẹ̀ fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Èso tó dára láti jẹ ni. Kí a tà á bí èso.

Mo wá dé orí ohun tó le jù, ìyẹn ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn dáko ní ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó, Agó-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lónìí kì í ṣe onílẹ̀. Àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tàbí tó ń gba ilẹ̀ lọ́dọọdún, ni wọ́n. Àṣà wa ni pé ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́nà yìí lè gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ewébẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin igi, nítorí bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gbin igi lè sọ pé òun ló nilẹ̀. Àṣà náà kò ṣẹ̀dá ara rẹ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ló wà tó jẹ́ pé igi obì ni wọ́n pè ní ẹlẹ́rìí nínú rẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, tó fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, kò yí èyí padà nínú oko. Ibi tí a wá dúró sí ni pé ẹni tó ní okun kò ní ẹ̀tọ́ láti gbin igi, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sì ti wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun, tó ń retí ẹni tí yóò ra pulọ́ọ̀tì.

Àwọn olórí ẹbí nìkan ló lè tú okùn yìí, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, níwájú lọ́yà àti ẹlẹ́rìí láti ìhà méjèèjì, pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, pé igi jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín fún iye ọdún tí wọ́n bá fẹnu kò sí, àti pé igi náà kì í ṣe ẹ̀rí ìní ilẹ̀ níwájú ilé-ẹjọ́ kankan. Kí iye ọdún náà má ṣe dín sí 20, nítorí kò sí ọmọlúàbí tí yóò tọ́jú igi tó máa so ní ọdún karùn-ún bí wọ́n bá lè lé e ní ọdún kẹfà. Kí wọ́n pín èso tàbí kí wọ́n pín owó, èyí tó bá tẹ́ ẹbí lọ́rùn. Kí wọ́n má sì ṣe yọ àwọn ọmọbìnrin ẹbí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, torí àwọn ni wọ́n mọ ọjà èso jù wá lọ.

Nígbà tí a bá ń retí igi, ilẹ̀ kò ní ṣófo. Bí a bá fi mítà 10 sí àárín igi kan sí èkejì ní gbogbo ìhà, hẹ́kítà kan yóò gba 100 igi, àyè tó kù sì tó ohun tí yóò máa mú owó oúnjẹ wá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mo fi síwájú, nítorí ọmọ àgbálùmọ̀ ń fẹ́ ibòòji ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ata, ilá àti ẹ̀gúsí lè tẹ̀lé e. Ẹ̀gẹ́ tí gbogbo wa fẹ́ràn ni kí a gbìn jìnnà sí ìdí igi, torí pé títu rẹ̀ máa ń fa gbòǹgbò ọmọ igi já.

Ní ti ọjà, àsìkò àgbálùmọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Disẹ́ḿbà, ó sì ń lọ títí dé nǹkan bí oṣù Épírì. Èso tí a bá ká ní àárọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Òdógbólú lè wà ní ọjà Kẹ́tù ní Èkó kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, wọ́n sì sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé nítorí ẹrù oko ni. Ó yẹ kí a ti máa gbin ohun tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀. A sì ti rí ohun tí orúkọ ìlú lè ṣe fún ọjà: gbogbo ibi tí Yorùbá bá wà ni wọ́n ti ń béèrè gàrí Ìjẹ̀bú, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó kan, pé ó kúnná, pé ó gbẹ. Àgbálùmọ̀ tó bá ti ara ìyá igi kan náà wá, tí èyí tí a rà lónìí kò yàtọ̀ sí èyí tí a rà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lè gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí à ń tà báyìí kò lè gbà á, torí nínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo a lè bá èyí tó dùn àti èyí tó ń kan ẹnu.

Àwọn obìnrin tí ń ra èso orí igi ni kí a kọ́kọ́ lọ bá. Wọ́n mọ igi tó ń so ní gbogbo ọdún àti èyí tó máa ń sinmi. Wọ́n mọ èyí tí èèpo rẹ̀ lè fara da ojú ọ̀nà títí dé Èkó, wọ́n sì mọ onílé tó fẹ́ gé igi rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ OGADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ wa kò ná wọn lówó púpọ̀: kí wọ́n rán ènìyàn lọ sí àwọn ọjà wa ní àsìkò èso, kí wọ́n bi àwọn obìnrin yìí léèrè, kí wọ́n lọ tọ́ èso igi tí wọ́n bá dárúkọ wò, kí wọ́n sàmì sí èyí tó bá yẹ, kí wọ́n sì máa san owó díẹ̀ fún onílé lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú. Onílé tó bá ń rí owó lórí ẹ̀ka àti lórí èso yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìgégi. Àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ nọ́sìrì igi sí ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi àgbálùmọ̀ nìkan ṣe é ná.

Ẹ̀yin Olóòtú, èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ yọ̀ǹda àyè kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yìí ní àsìkò àgbálùmọ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn òǹkàwé láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ògèrè lè máa kọ orúkọ ìlú àti agbo-ilé tí igi rere wà ránṣẹ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílé. Àwa mélòó kan tí a mọ iṣẹ́ ẹ̀ka gbígbà ní Òdógbólú ti ṣe tán láti wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní owó ara wa, a ó sì kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dára jù fún iṣẹ́ náà, nítorí náà kí orúkọ àwọn igi ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ kí oṣù Épírì tó parí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ kan láti Òdógbólú, Ìpínlẹ̀ Ògùn